Wọ́n ní orin wa dùn, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ohun tí a wí

Olùdarí akọrin kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọrin méjìlélógún ni wá ní ìjọ wa, àwọn báàsì ló sì pọ̀ jù. A ní kíbọ́ọ̀dù kan, gìtá báàsì kan, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì méjì, sáksófóònù áltò kan, àti àwọn onídùndún. Mo kọ orin ìbílẹ̀ kan ní ohùn mẹ́rin fún ìkórè: sopránò àti áltò fún obìnrin, ténọ̀ àti báàsì fún ọkùnrin. Kíì F ni mo kọ ọ́ sí, ìyẹn ni pé F ni doh rẹ̀, gbogbo ohun èlò ló sì ń bá wa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, àwọn àgbà ìjọ ní orin náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn ò gbọ́ ohun tí a wí. Ẹnì kan ní kí n yọ ìlù kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ìjọ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó tóbi jù báyìí lọ. Onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ní kíì tí oníkíbọ́ọ̀dù ń pè kọ́ ni kíì tí òun ń gbọ́. Ó wá ń ṣe mí bíi pé èdè Yorùbá ò gba ohùn mẹ́rin rárá. A fẹ́ tún orin náà kọ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìparí ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀? Mo fi ojú ewé méjì nínú orin náà ránṣẹ́, sol-fa, ìyẹn doh, ray, me, ni mo fi kọ ọ́."

Ẹ ṣeun, ọ̀gá akọrin. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà yín, wọ́n sì ti lọ́ mọ́ra wọn: ìlù ni, àbí ẹ̀rọ, àbí kíì, àbí èdè wa fúnra rẹ̀? Máa fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó wúwo jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohùn èdè. Bí ẹ bá yọ gbogbo ohun èlò lọ́la, tí ẹ fi ẹnu lásán kọ orin yẹn bó ṣe wà lójú ewé yìí, mo fura pé àwọn àgbà yóò ṣì máa bi ara wọn léèrè pé kí ni wọ́n wí. Mi ò tíì gbọ́ yín létí ara mi o. Ojú ewé méjì yìí àti àlàyé yín ni mo fi ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ fi ohun tí mo bá sọ wé ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbọ́ nígbà ìdánrawò.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ohun tí a máa ń gbàgbé nídìí orin ni pé etí kì í dúró de ìwé. Bí ohùn orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ẹni tó ń gbọ́ yóò gbọ́. Ẹ kọ "ọ̀run" kí ohùn orin máa wálẹ̀, "ọrùn" ni ìyá tó jókòó lẹ́yìn yóò gbọ́. Ẹ kọ "ẹ̀jẹ̀ Jésù" kí ẹ gbé ohùn sókè ní ìparí "ẹ̀jẹ̀", ẹ ti sọ ọ́ di ẹ̀jẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ tú orin ìsìn sí èdè wa ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún mú ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọ́n sì tì í bọ inú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ìjọ ò lè san án fún wọn láéláé. Ṣùgbọ́n ìwé orin tó wà lọ́wọ́ wa ló ń gbà wá: ojú wa ń rí ọ̀rọ̀ tí etí wa ò gbọ́, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé a kì í ṣàkíyèsí mọ́. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ló ń mọ̀. Àwọn àgbà yín kò gbọ́ orin tuntun yín nítorí pé kò sí ìwé tí yóò gbà wọ́n.

Èyí ló mú kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa nínú orin ìjọ fi ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tó gbé orin ìsìn Yorùbá sórí àwo ní London ní 1922, jẹ́ kí ohùn orin tọ ohùn ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. T. K. E. Phillips wà nídìí dùùrù Kàtídírà Krístì ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande àti Ayọ̀ Bankole, tí àwọn náà di gbajúmọ̀ nínú kíkọ orin sílẹ̀, ti kọrin nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ pé èdè wa ò gba ohùn mẹ́rin. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohùn mẹ́rin ti Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe wà nínú ìwé orin, kò lè wọ inú Yorùbá láìṣe pé ẹnì kan jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ewé yín wàyí. Ohùn sopránò yín dára. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ fi ohùn ẹnu kọ ọ́: níbi tí ẹ ti wí "ọ̀run", ó gòkè, níbi tí ẹ ti wí "Jésù", ó wálẹ̀. Àwọn ohùn tó wà nísàlẹ̀ ni wàhálà wà. Áltò yín dúró lórí soh kan náà fún ìdajì orin. Èyí kò burú púpọ̀, nítorí ohùn tí kò gòkè tí kò sì sọ̀kalẹ̀ ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ra ni, kì í yí i padà. Báàsì ni ẹ wò dáadáa. Lórí "ọ̀run" kan náà tí sopránò ń gbé sókè, báàsì já láti doh bọ́ sí soh ìsàlẹ̀. Ẹ ti ní kí sopránò máa wí "ọ̀run" kí báàsì máa wí "ọrùn" lẹ́ẹ̀kan náà, báàsì yín ló sì pọ̀ jù. Lóòótọ́, ohùn tó bá wà lókè jù ni etí máa ń mú, ohun tó sì ń jẹ́ kí orin bẹ́ẹ̀ ṣeé gbọ́ níbi tí sopránò ti lágbára nìyẹn. Ní ìjọ yín, àwọn tó wà lókè kò pọ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń borí wọn.

Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é lásán. Bí a ṣe kọ́ wa nìyẹn. Báàsì inú ìwé orin Gẹ̀ẹ́sì máa ń fò láti doh sí soh, láti soh sí doh, nítorí pé ìpìlẹ̀ ohùn ló ń gbé. Nínú èdè tí gíga àti ìrẹlẹ̀ ohùn kò ti yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, kò sí ewu níbẹ̀. Nínú tiwa, ẹ ní láti pinnu: báàsì yóò sọ̀rọ̀ ni, tàbí yóò gbé ìpìlẹ̀? Bí yóò bá sọ̀rọ̀, kó tẹ̀lé sopránò gòkè, kó sì tẹ̀lé e sọ̀kalẹ̀, kódà bí kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó o. Bí yóò bá gbé ìpìlẹ̀, ẹ gba gbogbo gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kùn ún, tàbí kí ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní gíga àti ìrẹlẹ̀ nínú. "Ọba" jẹ́ àárín méjì. "Ìyìn" jẹ́ ìsàlẹ̀ méjì. "Ìgbàlà" jẹ́ ìsàlẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí lè dúró lórí nóòtì kan títí tí ẹ bá fẹ́, kò sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n gbọ́. Mo fẹ́ràn kí báàsì máa fà "Ọba" gùn lábẹ́, kí sopránò àti áltò máa sọ gbólóhùn lókè. Ó máa ń wúwo, ó sì máa ń lẹ́wà.

Fún áltò, ọ̀nà tó dára jù ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́ kí dùùrù tó dé. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n máa ń kọrin ní ohùn méjì tó ń bá ara wọn rìn, ìkejì wà lábẹ́ èkíní ní àlàfo mẹ́ta, bíi láti soh sí me. Bí èkíní bá gòkè, ìkejì á gòkè. Bó bá sọ̀kalẹ̀, ìkejì á sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò ní bàjẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa ní ètò ohùn lè sọ pé kò yẹ kí ohùn méjì máa rìn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nínú orin tiwọn, wọ́n lè ní ẹ̀tọ́. Nínú orin Yorùbá, ohùn àwọn baba wa ni mo fara mọ́, mo sì máa ń kọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ténọ̀ lè kọ ohun kan náà tí sopránò ń kọ, ní ìsàlẹ̀, bí ọkùnrin ṣe máa ń bá obìnrin kọrin ní àárín ìjọ.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kí ẹ má sọ ara yín di ẹrú àmì ohùn. Kò sí orin tó lè tọ ohùn ọ̀rọ̀ lẹ́yìn délẹ̀délẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni, kì í ṣe orin mọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ọ̀nà tí ohùn ń gbà láti ọ̀rọ̀ kan dé èkejì, bóyá ó ń lọ sókè ni tàbí ó ń bọ̀ wálẹ̀. Bó bá lọ díẹ̀ tàbí púpọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní èkejì tó jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì gbajúmọ̀ débi pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, gbogbo ènìyàn á ṣì mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ìbejì ni kí ẹ ṣọ́. Ẹsẹ kejì náà ni kí ẹ ṣọ́: ohùn orin tó bá ẹsẹ kìíní mu lè ba ẹsẹ kejì jẹ́ pátápátá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti yí. Ní tèmi, ẹ yí ohùn orin díẹ̀ fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ sọ ẹsẹ di lílé tí ẹnì kan ń lé, kí gbogbo akọrin máa fi ègbè kan náà gbè é. Ẹni kan tó ń lé orin lè yí ohùn rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹgbẹ́ tó ń gbè ní láti mọ ọ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kíì. Orin yín gòkè dé me òkè nínú kíì F, ìyẹn A tó gun ìlà kékeré lókè ìlà márààrún tí a ń kọ nóòtì sí. Sopránò tó ti kọ́ ohùn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè dé ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ṣì yé ni. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà àti oko bọ̀ wá sí ìdánrawò lálẹ́ yóò pariwo ni, bí ènìyàn bá sì ń pariwo níbẹ̀, "i" àti "e" àti "ẹ" kì í yàtọ̀ mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ sọ orin náà kalẹ̀ sí E-flat. Me òkè di G, gbogbo wọn á dé ibẹ̀, báàsì kò sì ní rì jù. Ẹlòmíràn lè ní kí ẹ kúkú gbé e lọ sí D. Fún ohùn nìkan, D dára. Ṣùgbọ́n fèrè wọ̀nyí kì í dún bí a ṣe kọ ọ́ fún wọn: nígbà tí ẹ bá wà ní D, onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì yín yóò máa fọn ní E, pẹ̀lú sharp mẹ́rin (àmì tó ń gbé nóòtì sókè díẹ̀), onísáksófóònù áltò yóò sì wà ní B pẹ̀lú márùn-ún, èyí tó le fún wọn láti fọn. Tí akọrin bá wà ní E-flat, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì á wà ní F, sáksófóònù áltò á wà ní C. Wọn á mí, wọn á sì fọn ún dáadáa.

Ìdí tí onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì fi ń jiyàn pẹ̀lú oníkíbọ́ọ̀dù nìyẹn pẹ̀lú. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì onílé B-flat máa ń dún ní ohùn odidi kan sísàlẹ̀ ohun tí a kọ fún un, nítorí náà a ní láti kọ tirẹ̀ sókè. Wàhálà tó tún wọ́pọ̀ ní ìjọ wa ni bọ́tìnnì transpose. Oníkíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ sí márùn-ún, ó ń fi ọwọ́ tẹ C, F ló ń jáde. Bí wọ́n bá bi í ní kíì, á ní "C ni." Òótọ́ ló sọ nípa ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde ni onífèrè ń bèèrè. Mi ò sọ pé kó jáwọ́ nínú bọ́tìnnì náà lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ ló kọ́ iṣẹ́ lórí kíì kan, wọ́n sì ń sìn tọkàntọkàn. Ẹ kọ ọ́ sí orí ìwé gbogbo wọn: akọrin àti kíbọ́ọ̀dù, E-flat; tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, F; sáksófóònù áltò, C. Kí àwọn onífèrè fọn díẹ̀ kí wọ́n tó bá kíbọ́ọ̀dù tún ohùn ṣe, nítorí fèrè tó tutù máa ń rẹlẹ̀, bí èémí bá ti mú un gbóná, á gòkè.

Bí kíì bá ti dọ́gba, ẹ wo ibi tí àwọn onífèrè ń fọn. Lójú ewé tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ ti ní kí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kìíní máa fọn ohùn sopránò gan-an láti òkè délẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni fáwẹ̀lì àwọn sopránò yín ń gbé, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sì lè bo ogún ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀. Kí wọ́n ṣí orin náà, kí wọ́n dáhùn ní ìparí gbólóhùn nígbà tí akọrin ń mí, kí wọ́n sì wọlé pẹ̀lú agbára ní ègbè ìkẹyìn, nígbà tí gbogbo ìjọ ti mọ ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n sì ti ń bá yín kọ ọ́. Sáksófóònù lè bá áltò rìn ní ìsàlẹ̀ rọra, kó fọn nóòtì gígùn. Kíbọ́ọ̀dù ń tẹ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gìtá báàsì ń ta ohun tí ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù ń tẹ̀, àwọn báàsì yín náà wà níbẹ̀: ìdí orin ti di ẹrẹ̀. Kí oníkíbọ́ọ̀dù gbé ọwọ́ òsì kúrò, kó jẹ́ kí gìtá gbé ìpìlẹ̀. Ìgbà ìdánrawò nìkan ni kó máa tẹ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní ti ìlù, mi ò fara mọ́ ẹni tó ní kí ẹ yọ ọ́. Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yẹn ti wá. Àwọn míṣọ́nárì so ìlù mọ́ ìsìn òrìṣà, àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ sì gbà á bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Orin Dáfídì 150 dárúkọ ìlù mọ́ fèrè àti ohun èlò olókùn, kò yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ìlù wo ni ìjọ yín gbà, èwo ni kò gbà, ọwọ́ àlùfáà àti àwọn àgbà yín ni ìyẹn wà, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ohun tí mo lè sọ nípa orin ni pé ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nígbà tí akọrin ń sọ tiwọn, ọ̀rọ̀ méjì ló ń wọ etí kan. Ẹ jẹ́ kí gúdúgúdú àti àwọn omele mú ìrìn orin lọ, kí ìyáàlù dákẹ́ tàbí kó rọra tẹ̀lé wọn nígbà tí akọrin ń sọ̀rọ̀. Bí gbólóhùn bá parí, kó gbà á, kó sọ ọ́ padà. Ẹ má kọ nóòtì fún onílù. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ orin náà, kí ẹ kà á sí i létí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ìlù wí i bó ṣe yẹ, yóò sì tún tọ́ yín sọ́nà bí ẹ bá ti ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan gbé. Bí àwọn àgbà bá gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́nu akọrin àti lẹ́nu ìyáàlù, kò sí èyí tí yóò bọ́ mọ́ wọn létí.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá kò ní tún ohunkóhun ṣe nísinsìnyí. Yóò gbé "ọ̀run" àti "ọrùn" jáde pọ̀, kó sì ròkè sí i. Kí ìjọ fi owó yẹn pamọ́ ná.

Bí ìdúpẹ́ bá ti sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè láti kọ báàsì àti áltò lákọ̀tun, ẹ ṣe èyí tó rọrùn: kí gbogbo akọrin kọ ẹsẹ ní ohùn kan, ọkùnrin nísàlẹ̀, obìnrin lókè, kí ẹ bọ́ sí ohùn mẹ́rin ní ègbè nìkan. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ nínú ẹwà ohùn mẹ́rin, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yóò jáde. Bí àyè bá wà, ẹ tún ohùn ìsàlẹ̀ kọ, kí ẹ fi ẹnu lásán kọ ọ́ ná fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ìlù tó wọlé, kí fèrè wọlé kẹ́yìn. Kí fèrè tó wọlé, ẹ pe ẹnì kan tí kò gbọ́ orin náà rí, kó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, kó sì máa kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Ibi tó bá ṣì kọ, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí. Bó bá ṣì le fún yín, ẹ fi orin náà ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ lábẹ́ ohùn kọ̀ọ̀kan, títí kan ti báàsì. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní àmì kankan, ibi mẹ́ta ni mo sì ti ní láti méfò ọ̀rọ̀ tí ẹ ní lọ́kàn.